Ẹni Tó Ru Omi Kì í Kúnlẹ̀

Ìyá mi ọ̀wọ́n,

Lẹ́tà àkọ́kọ́ tí mo máa kọ sí yín ní Yorùbá rèé, kò sì sí ẹni tó máa kà á fún yín. Gbogbo èyí tí mo fi ránṣẹ́ láti Ìlú Ọba, èdè òyìnbó ni mo fi kọ ọ́. Tíṣà Kúdẹtì á wá jókòó tì yín, á máa túmọ̀ rẹ̀, ẹ̀yin á sì máa bi í pé, "Ṣé ó ń jẹun? Ṣé òtútù ò pa á?" Òun fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ fún mi nígbà tí mo dé. Ó ní ẹ máa ń ní kí òun tún ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kà, níbi tí mo ti pè yín ní ìyá mi, kí òun tó máa bá ìyókù lọ. Tíṣà yẹn náà ló ń tún Yorùbá mi ṣe báyìí ní ìrọ̀lẹ́. Bí ẹ bá rí ibi tí mo ti fi àmì lé ọ̀rọ̀ tí kò yẹ kó rù ú, ẹ fojú fò ó. Mo ń kọ́ ọ ni.

Inú ló ń bí mi, Ìyá. Mi ò sì mọ ẹni tí mo lè sọ ọ́ fún nílé yìí tí kò ní sọ pé ìwé ló ń gùn mí. Ẹ jẹ́ kí n tú u síwájú yín.

Ẹ mọ̀ pé ẹ̀kọ́ nípa bí wọ́n ṣe ń mú ìdàgbàsókè wọ ìlú ni mo lọ kọ́. Bí mo ṣe dé, ilé-iṣẹ́ ìrànlọ́wọ́ kan tó ti òkè òkun wá gbà mí síṣẹ́, pé kí n máa ṣe ògbufọ̀ kí n sì máa bẹ iṣẹ́ wò. Omi ẹ̀rọ ni wọ́n ń fà wọ àwọn agbo ilé àtijọ́, láti Bẹẹrẹ wá sí Bẹ́yẹrúnká, títí dé ìsàlẹ̀ Màpó. Lọ́jọ́ tí mo gbọ́ pé agbo ilé tiwa wà lára èyí tí wọ́n máa fi bẹ̀rẹ̀, mi ò lè jẹun ọ̀sán. Ẹ̀yin ni mo rí. Mo rí yín lẹ́yìnkùlé níbi kànga, okùn lọ́wọ́, òṣùká lórí, tẹ́ ẹ ń kun orin ìjọ sẹ́nu bí ẹni tó ń bá omi sọ̀rọ̀. Mo ní, wọ́n pẹ́ o, ṣùgbọ́n wọ́n dé.

Ohun kan wà tí mo máa ń fi yín yangàn nígbà tí mo wà lọ́mọdé. Ẹ̀yin lẹ máa ń gbé omi ìwẹ̀ lọ fún àwọn bàbá níwájú ilé láràárọ̀. Bẹ́ ẹ bá dé ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí wọ́n jókòó sí, garawa lórí, ẹ ó kúnlẹ̀, ẹ ó kí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ ó sì dìde, omi ò ní kán sílẹ̀. Mo máa ń sọ fún àwọn ọmọ iléèwé pé kò sí ìyá ẹnikẹ́ni tó lè ṣe é bẹ́ẹ̀. Mo fi korobá kékeré dán an wò lọ́jọ́ kan, mo da gbogbo rẹ̀ sí ara mi, ẹ sì rẹ́rìn-ín títí ẹ fi jókòó sílẹ̀. Ṣé orúnkún ò máa ń dùn yín ni? Mi ò bi yín rí. Mo rò pé ijó ni.

Ọ̀gá wa, òyìnbó gíga kan tí kì í fi iṣẹ́ ṣeré, tí àwọn ìyàwó ilé sọ ní Olómi, ní ká pe gbogbo ará ilé jọ, ká bi wọ́n níbi tí wọ́n fẹ́ kí ẹ̀rọ wà. Mo lọ sípàdé yẹn bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi joyè. Gbogbo ará ilé sì wá: Mọ́gàjí, tó jẹ́ olórí agbo ilé, àwọn bàbá, àwọn ẹ̀gbọ́n ọkùnrin, àtàwọn ọmọbìnrin ilé tó ti ilé ọkọ wọn wá. Wọ́n sọ̀rọ̀, wọ́n ṣàwàdà, wọ́n fohùn ṣọ̀kan pé iwájú ilé ni kó wà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí àwọn bàbá máa ń jókòó sí, kí ẹni tó bá ń kọjá lọ sí Ọjà'ba lè rí i pé ilé wa ti lajú. Inú Olómi dùn sí i, nítorí pé páìpù ojú títì ò jìnnà síbẹ̀. Wọ́n wá da sìmẹ́ǹtì bo kànga ẹ̀yìnkùlé. Wọ́n ní omi rẹ̀ ò mọ́.

Ìyá, ṣé ẹ rí àwọn tí kò sí níbẹ̀? Èmi ò rí i. Mo jókòó láàárín wọn, mo ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ síwá sẹ́yìn, mi ò sì rí i. Àwọn tó ń pọn omi ò sí níbẹ̀. Bí wọ́n bá ní kí ará ilé wá, ìyàwó ilé mọ̀ pé kì í ṣe òun ni wọ́n pè. Ẹnu ilẹ̀kùn ilé ìdáná ni wọ́n wà, wọ́n ń tẹ́tí, ìlàjì ara níta, ìlàjì nínú, bí ẹ̀yin náà ṣe máa ń ṣe.

Wọ́n ṣí ẹ̀rọ náà, olóyè kan wá gé ríbọ́ọ̀nù, gbogbo wa pàtẹ́wọ́. Kò pẹ́ tí mo fi rí i pé ilẹ̀ abẹ́ ẹ̀rọ ń gbẹ. Odò Kúdẹtì ni àwọn ìyàwó ilé ń lọ, odò tí àwọn ará òkè ń da gbogbo nǹkan sí. Ẹ rántí Ìyá Bísí, ìyàwó ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi. Ẹ̀yin lẹ fi omi kànga yẹn fọ ẹsẹ̀ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà lọ́jọ́ tí wọ́n mú un wọlé. Omi odò yẹn ṣe ọmọ ọwọ́ rẹ̀, ó ṣu gbuuru títí ojú rẹ̀ fi jìn, wọ́n sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Ọlọ́run ló yọ ọ́.

Olómi bínú. Ó ní kí n sọ fún wọn pé omi odò ń pa ọmọ. Mo sọ ọ́. Wọ́n ní, "A gbọ́, ọkọ wa. Ẹ ṣeun." Bí ilẹ̀ ṣe mọ́, wọ́n tún gba odò lọ. Ó wá ní àwọn obìnrin yìí ò tíì lajú, pé ẹni tí kò mọyì nǹkan la gbé nǹkan fún. Mo sọ fún un pé ẹ̀tọ́ wọn ni ká bi wọ́n ká tó dí kànga wọn. Mo ní ohun tí wọ́n kọ́ mi nìyẹn, pé ènìyàn kì í ṣe àmù tí wọ́n ń rọ omi sí. Àmù ò lẹ́nu, ènìyàn lẹ́nu, ó sì lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ ibi tí omi máa gbà dé ọ̀dọ̀ òun. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ní ọ̀rọ̀ ẹ̀tọ́ ọmọ ènìyàn, àwọn lọ́yà àtàwọn olóṣèlú ló ni ín, páìpù lòun mú wá. Ó ní kí n mú ẹni tí ẹ̀tọ́ ti pa òùngbẹ rẹ̀ rí wá kí òun rí i.

Mo pe àwọn ìyàwó ilé jọ sínú yàrá yín. Kò sí ọkùnrin níbẹ̀, kò sí Olómi. Mo ní, "Obìnrin bíi tiyín ni mí o. Ẹ sọ òótọ́ fún mi. Kí ló dé tẹ́ ẹ ò pọn omi ẹ̀rọ?"

Wọ́n wo ara wọn. Ìyá Bísí, tó dàgbà jù mí lọ dáadáa, kúnlẹ̀. Ó ní, "Ará Ìlú Ọba, ọkọ mi, omi náà dáa."

"Ó dáa púpọ̀," ni ẹnìkan wí lẹ́yìn rẹ̀. "Ó kàn tutù jù ni."

"Kò tutù jù," òmíràn ní, "ọ̀nà odò ló ń wù wá rìn. A ti sanra jù." Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín, lórí orúnkún wọn. Mo ní kí wọ́n dìde, wọn ò dìde.

Ibẹ̀ ni mo ti rántí ohun tí mo gbàgbé sí òkè òkun. Èmi kì í ṣe obìnrin nínú ilé yẹn, Ìyá. Ọmọ ilé ni mí. Gbogbo ìyàwó tó wọlé lẹ́yìn tí ẹ bí mi, ọkọ ni mo jẹ́ fún un, ì báà dàgbà jù mí lọ. Ìdí nìyẹn tí wọn kì í fi í dárúkọ mi, tó fi jẹ́ pé Ará Ìlú Ọba ni wọ́n sọ mí. Ta ló máa wojú ọkọ kó sọ pé ìjókòó ọkọ ló dí òun lọ́nà omi? Ẹnì kan ṣoṣo ló lè sọ ọ́ fún mi láìkúnlẹ̀, ẹ̀yin ni, ikú ò sì jẹ́ kẹ́ ẹ dúró dè mí. Ṣé ẹ̀ bá ti sọ ọ́? Àbí ẹ̀yin náà á ní omi náà dáa?

Mo gbé korobá tẹ̀ lé wọn lọ sódò. Wọ́n bẹ̀ mí pé kí n padà, pé àwọn bàbá á bú àwọn. Mo lọ. Mo yọ̀ lórí òkúta, mo sì jókòó sínú odò tìrótìró.

"Ọkọ wa ti wẹ̀ o," ni ẹnìkan wí. "Ó kù kí wọ́n para."

Ìyá Bísí fà mí dìde, ó ń fi etí ìró rẹ̀ nu ojú mi, ó ń rẹ́rìn-ín. Inú ẹ̀rín yẹn ló ti sọ ọ́, kò wojú mi. "Ẹ wò ó, ọkọ mi. Ẹ̀rọ yín dáa. Ṣùgbọ́n ẹ bá mi ru garawa kọjá níwájú àwọn bàbá. Ẹ kúnlẹ̀ kí Mọ́gàjí. Ẹ kí èyí tó jókòó tì í. Wọ́n á ní ọmọ ńkọ́, ẹ ó dáhùn. Wọ́n á ní ọkọ ńkọ́, ẹ ó dáhùn. Kẹ́ ẹ tó dé ìdí àmù, aṣọ yín ló mu omi yó."

"Ti ìkúnlẹ̀ ṣì sàn," ni ìyàwó kékeré kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé wí. "Ta ló fẹ́ kí bàbá ọkọ òun máa rí òun pẹ̀lú ìró ìwẹ̀ láàárọ̀ kùtù?"

"Lẹ́yìnkùlé, ta ló ń wò wá?" Ìyá Bísí ní. Ẹ̀rín ti kúrò lójú rẹ̀. "Ibẹ̀ la ti ń sọ tinú wa fún ara wa. Sìmẹ́ǹtì tẹ́ ẹ dà yẹn, ẹnu wa lẹ dà á lé."

Omi ń kán lára mi títí a fi délé.

Mo lọ bá Olómi. Ó ní iṣẹ́ Bẹ́yẹrúnká ti parí, Ìdí Àrẹ̀rẹ̀ ló kàn. Ó ní gbogbo ará ilé ló fẹnu kò sí ibi tí ẹ̀rọ wà, èmi ni mo sì ṣe ògbufọ̀ wọn. Mo lọ bá Mọ́gàjí, pé kí wọ́n jọ̀wọ́ dá ìkúnlẹ̀ dúró fún ẹni tó bá ru omi. Wọ́n ní, "Èmi ni mo ní kí wọ́n máa kúnlẹ̀? Bí a ṣe bá a nìyẹn. Kí n wá máa sọ fún ìyàwó ilé pé kó má kí mi mọ́? Ọmọ mi, Ìlú Ọba ti bà ọ́ jẹ́ díẹ̀." Wọ́n bu ẹ̀pà fún mi. Mo jẹ ẹ́, nítorí pé mi ò mọ ohun mìíràn tí mo lè fi ẹnu mi ṣe.

Ẹ rántí Ìyá Àgbà tó wà nínú yàrá ìsàlẹ̀, tẹ́ ẹ máa ń yọ ẹran tó rọ̀ sọ́tọ̀ fún. Ó ṣì wà. Ojú rẹ̀ ti ń ṣú, kì í sì í jáde mọ́. Mo wọlé lọ kí i lọ́jọ́ kan, mo bá a níbi tó ti ń tu omi dànù.

"Irú omi wo lẹ̀ ń fún mi mu nínú ilé yìí? Ẹrẹ̀ ni. Ẹ̀rọ tí wọ́n ní ó wọlé dà?"

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Ó dijú, mo rò pé ó ti sùn. Ó wá ní, "Ta ni wọ́n ń kúnlẹ̀ fún?"

Mo ní Mọ́gàjí ni.

"Àkànní?" Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́. "Àkànní tí mo pọ̀n tó tọ̀ sí mi lẹ́yìn."

Ìyá Àgbà ti wọ ilé yìí kí wọ́n tó bí Mọ́gàjí. Ọjọ́ tí ìyàwó bá wọlé ni wọ́n fi ń ka ipò rẹ̀, gbogbo ọmọ tí wọ́n bá sì bí lẹ́yìn ọjọ́ náà, àbúrò rẹ̀ ni, ì báà joyè. Òun nìkan ló kù nínú àwọn ìyàwó ilé tí kò ní ọkọ kankan láyé mọ́ tó máa kúnlẹ̀ fún. Kò sì sí ẹni tó rántí pè é sípàdé. Èmi náà ò rántí. Mo rò pé ẹni tí kì í pọn omi mọ́, ọ̀rọ̀ omi ò kàn án.

Lọ́jọ́ kejì, mo gbọ́ ọ̀pá rẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ láàárọ̀. Ó ń bọ̀ díẹ̀díẹ̀, ó fi kèrègbè kékeré há abíyá. Àwọn ìyàwó ilé tẹ̀ lé e, garawa lọ́wọ́. Ó dé iwájú ilé, ó wò yíká, ó sì jókòó sórí àga rọ̀gbọ̀kú Mọ́gàjí. Àwọn bàbá tó ń rún orín dá ẹnu dúró.

Mọ́gàjí jáde, wọ́n rí i, wọ́n dọ̀bálẹ̀. "Ẹ káàárọ̀, Ìyá. Ṣé kò sí o?"

"Kò sí, Àkànní. Atẹ́gùn ibí yìí ló wù mí. Ibí ni màá máa jókòó láràárọ̀."

"Ibo wá ni ká jókòó sí, Ìyá?"

"Ẹ̀yìnkùlé ńkọ́? Wọ́n ti fi sìmẹ́ǹtì ṣe ìjókòó fún yín lórí kànga."

Ìyá Bísí ló kọ́kọ́ gbé garawa sábẹ́ ẹ̀rọ. Ó rù ú, ó yíjú, orúnkún rẹ̀ ti ń tẹ̀. Ìyá Àgbà na ọ̀pá sí i. "Ta nìyẹn? Na ẹsẹ̀ rẹ. Ẹni tó ru omi kì í kúnlẹ̀ níbí. Ẹni tó bá kúnlẹ̀, màá da omi rẹ̀ nù."

Bàbá kan kùn pé, "Láti ìgbà wo?"

"Láti ìgbà tí mo ti ń mu ẹrẹ̀."

Bó ṣe di pé ilẹ̀ abẹ́ ẹ̀rọ tutù nìyẹn. Ìyá Àgbà wà níwájú láràárọ̀, àwọn bàbá wà lẹ́yìnkùlé lórí kànga, wọ́n ń ṣàròyé pé èéfín ilé ìdáná ń ta àwọn lójú. Ẹ̀ bá rẹ́rìn-ín. Mo mọ̀ pé ẹ̀ bá fi ìró bo ẹnu.

Olómi kọjá, ó rí àwọn garawa lórí ìlà. Ó bọ̀ mí lọ́wọ́. Ó ní ṣé mo rí i, ẹ̀kọ́ tí a kọ́ wọn nípa omi odò ti wọ̀ wọ́n létí. Ohun tó máa sọ fún àwọn tó rán an wá nìyẹn. Mo fẹ́ sọ̀rọ̀, ó ti wọ mọ́tò.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìyẹn ló ń bí mi nínú jù. Bí Ìyá Àgbà bá wúkọ́ báyìí, gbogbo ìyàwó ilé á dákẹ́, wọ́n á gbé etí sílẹ̀. Orí èémí arúgbó kan ni omi wọn wà. Àánú ló jẹ́, kò tíì di ẹ̀tọ́. Mo bi í pé, "Ìyá, bẹ́ ẹ ò bá sí ńkọ́?" Ó ní, "Nígbà yẹn màá ti kú. Kí ló kàn mí níbẹ̀? Ẹ lo ẹnu yín."

Ìpàdé ẹbí ń bọ̀. Mo bẹ Mọ́gàjí pé kí àwọn ìyàwó ilé wá jókòó níbẹ̀, kí wọ́n sọ ọ́ fúnra wọn, kó lè di òfin ilé. Wọ́n ní, "Ìwọ bá wọn sọ ọ́. Ọmọ ilé ni ọ́." Ìyá, bí mo bá bá wọn sọ ọ́, kí ni mo fi yàtọ̀ sí Olómi? Mo bi Ìyá Bísí bóyá ó máa sọ̀rọ̀. Ó ń fọ ìkòkò, kò gbójú sókè.

"Níbo lẹ máa jókòó, ọkọ mi?"

Mo ní láàárín àwọn ọmọ ilé, níbi tí wọ́n máa ń gbé àga fún mi.

"Ẹ̀yin lẹ máa sọ̀rọ̀ nígbà náà."

Mo wo ẹnu ilẹ̀kùn ilé ìdáná. Igi ibẹ̀ ti dán níbi tí èjìká yín máa ń fara tì. Mo fi èjìká tèmi síbẹ̀, ó ga ju tiyín lọ díẹ̀. Láti ibẹ̀, èèyàn ń gbọ́ gbogbo ohun tí wọ́n ń sọ, kì í sì í rí ojú ẹnì kankan. Kí lẹ máa ń fẹ́ sọ níbẹ̀, Ìyá, tẹ́ ẹ fi ń gbé e mì?

Mo sọ fún Ìyá Bísí pé ibẹ̀ ni mo máa tẹ́ ẹní sí lọ́jọ́ ìpàdé. Bí wọ́n bá pè mí síwájú, mo máa ní ọ̀dọ̀ àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn ni mo wà, kí wọ́n gbọ́ tiwọn. Ó wò mí títí. Ó nu ọwọ́, ó mú òṣùká rẹ̀, ó gbé e lé mi lórí, ó fi àtàǹpàkò tẹ àárín rẹ̀ bí ẹ ṣe máa ń tẹ tiyín.

"Ó dáa," ó ní. "Lọ pọn omi ìwẹ̀ Ìyá Àgbà wá."

Kò pè mí ní ọkọ. Mo lọ pọn ọ́n. Mo nàró kọjá níwájú ilé, omi sì dànù sí mi lọ́rùn.

Èmi ni,
ọmọ yín tó fẹ́ràn yín, tí omi ṣì ń kán lára rẹ̀.